Bí a ṣe lè tún sólà ṣe kí iná má gbé òṣìṣẹ́: ìtọ́sọ́nà fún oníṣẹ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, fóònù oníṣẹ́ sólà ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í sinmi mọ́. Àwọn onílé tó wà ní Èkó àti lókè òkun fẹ́ bá iná nílé kí wọ́n tó dé fún Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta ọdún. Ilé tí ẹnikẹ́ni ò sùn sí láti ọdún tó kọjá, eruku ti bo páńẹ́lì, alángbá ti wọnú àpótí bíréékà, eku ti jẹ wáyà. Ọ̀gá á wá pín àwọn ọmọ iṣẹ́ káàkiri: ẹnì kan sí Odógbolú, ẹnì kan sí Àgọ́-Ìwòyè, ẹnì kan ṣoṣo sórí òrùlé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Inú ìkánjú yẹn ni iná ti ń rí ènìyàn gbé. Apá Rẹ́mọ náà ò yàtọ̀. Oko adìyẹ, ilé epo ojú ọ̀nà Ṣàgámù, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwòsàn kéékèèké, gbogbo wọn ló ti gbé sólà, gbogbo wọn ló sì ń pe ẹni tó máa tún un ṣe.

Mo kọ èyí fún ọ̀gá tó ń rán ọmọ lọ sórí òrùlé, àti fún ọmọ tí wọ́n ń rán. Kí onílé náà kà á, kí ó lè mọ ìgbà tó yẹ kó sọ pé, "Ẹ dúró ná."

Páńẹ́lì ò ní ibi tí a ti ń pa á

Ẹ jẹ́ kí èyí wọ̀ yín létí kí a tó mẹ́nu kan irinṣẹ́ kankan. Iná NEPA, ẹ lè pa á. Jẹnẹrétọ̀, ẹ lè pa á. Páńẹ́lì ní tirẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iná ti wà lára rẹ̀ nìyẹn, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, mo ti pa á." Ìbéèrè tó yẹ kí ọ̀gá bi í ni pé, "Ibo lo ti pa á?" Bíréékà tó pa nísàlẹ̀ kàn dí iná lọ́nà kó má wọnú ínfátà ni. Wáyà tó ti orí òrùlé bọ̀ wá sí ẹnu bíréékà yẹn ṣì ní iná nínú, odindi.

Iná ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré. Páńẹ́lì 550 wáàtì tó pọ̀ lọ́jà báyìí ń mú nǹkan bíi 50 fólítì wá nígbà tí a ò tíì so ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹ so mẹ́jọ tẹ̀ léra, ó di 400 fólítì. Àwọn ínfátà 5kVA tí a ń gbé sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba páńẹ́lì tó tó 450 tàbí 500 fólítì. Iye tí èèyàn ń fọwọ́ kan nìyẹn bó bá fọwọ́ kan ẹnu wáyà méjèèjì tó bó.

Ohun kan tún wà tó ń tan àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ. Wọ́n máa ń rò pé bí oòrùn ò bá tíì mú, tàbí bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, páńẹ́lì ò lágbára. Áńpù ló ń tẹ̀lé ìmọ́lẹ̀, ó ń kéré nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré. Fólítéèjì kì í dúró de oòrùn ọ̀sán. Láti aago méje àárọ̀, nígbà tí òjìji èèyàn ṣì gùn gbọọrọ lórí ilẹ̀, fólítéèjì páńẹ́lì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Áńpù kékeré tó wà nínú rẹ̀ lásìkò yẹn sì ti pọ̀ ju ohun tó lè pa èèyàn lọ. Nínú iná AC, irú ti NEPA, bíi 10 mílíáńpù péré (ẹgbẹ̀rún mílíáńpù ló wà nínú áńpù kan) ló ń mú kí iṣan ọwọ́ há tí ẹni náà ò fi ní lè ju wáyà sílẹ̀. Bó bá tó 100 mílíáńpù, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kó máa lù. Páńẹ́lì kan ṣoṣo ń gbé ju áńpù 10 jáde nínú oòrùn ọ̀sán. Áńpù ni mo wí, kì í ṣe mílíáńpù.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iná tó ń ta. Iná NEPA ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń gba òdo kọjá ní ìgbà 100 láàárín àkókò yẹn. Bó bá ti dé òdo, iná tó ń ta láàárín ẹnu wáyà méjì máa ń ráyè kú. Iná DC, ti páńẹ́lì àti bátìrì, kò mọ òdo. Bí ẹ bá fa kọ́nẹ́kítọ̀ MC4, ike dúdú tó ń so wáyà páńẹ́lì pọ̀, yọ nígbà tí áńpù ń gba inú rẹ̀ kọjá, iná á nà láti ẹnu kan dé ìkejì, á sì dúró síbẹ̀ bí iná wẹ́dà, á máa yọ́ ike, á máa yọ́ irin, ọwọ́ yín sì wà nídìí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ fi bíréékà AC sí ọ̀nà DC. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀ ládùúgbò wa nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Ó lè máa ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì, ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an ni kò ní lè já.

Bíréékà tó ń já ní 30 mílíáńpù bí iná bá ń gba ara èèyàn jò, iná AC inú ilé ló ń ṣọ́. Kò mọ nǹkan kan nípa wáyà páńẹ́lì tàbí wáyà bátìrì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lórí òrùlé.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹni méjì ló ń lọ, kì í ṣe ẹnì kan. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹni kejì kò wá láti máa gbé irinṣẹ́ nìkan. Òun ló máa mọ ibi tí gbogbo bíréékà wà, òun ló máa pa iná bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ló sì máa pe ìrànlọ́wọ́. Bí owó iṣẹ́ náà ò bá tó ẹni méjì, ẹ fi kún owó iṣẹ́ náà.

Ìbọ̀wọ́: èyí tí wọ́n ṣe fún iná ni kí ẹ rà, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá wọ́n kọ "Class 0" sí i. Ìyẹn wà fún iná AC tó tó 1,000 fólítì àti DC tó tó 1,500. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fọ abọ́ kì í ṣe tiwa, ti wẹ́dà náà kì í ṣe tiwa. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́ láràárọ̀, ẹ di ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí ẹ máa ká a láti ọrùn ọwọ́ lọ sí ọ̀nà ìka kí afẹ́fẹ́ há sínú. Ìka márààrún á wú. Ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ yín lẹ́rẹ̀kẹ́, ihò wà níbì kan nìyẹn, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ gé e sí méjì kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà he é lò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ lé e lórí, torí ẹnu páànù mú.

Mítà: kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ CAT III 1000V sí lára, kí wáyà rẹ̀ má ní ibi tó bó. Mítà olówó pọ́ọ́kú tó ń fọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ nígbà tó bá pàdé 500 fólítì DC wà lọ́jà, ẹ yẹra fún un. Ẹ tún nílò kíláàǹpù mítà, èyí tó ń fi ẹnu kọ́ wáyà láti ka áńpù, tó ń ka DC. Ọ̀pọ̀ kíláàǹpù tó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ iná ilé, AC nìkan ló ń kà. Ẹ fi kọ́ wáyà páńẹ́lì, á fi òdo hàn yín, irọ́ sì ni.

Aṣọ: òwú tó bo apá. Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn láti wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù lọ síbi iṣẹ́. Aṣọ yẹn máa ń yọ́ mọ́ ara bí iná bá ta sí i, dókítà ló sì máa bó o. Ẹ bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó nípọn, kí ẹ sì fi gíláàsì bo ojú.

Àkàbà onífáíbà tàbí onígi tó gbẹ ni kí ẹ gbé, kì í ṣe ti alumíníọ́ọ̀mù. Ẹ má gbàgbé àgádágodo méjì tàbí mẹ́ta àti páálí tí ẹ máa kọ orúkọ sí. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé náà

Ẹ má gun òkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kí onílé tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ilé, kí ẹ bi í ní ìbéèrè: Ta ló so ó? Kí ni wọ́n ti fi kún un láti ìgbà yẹn? Ṣé wáyà kankan jáde lọ sí boys' quarters tàbí sí ilé ẹ̀yìn? Ibo ni jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé? Nínú àwọn ilé ńláńlá tí a ní ní Ìjẹ̀bú, oníṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ti fọwọ́ kan ilé kan, kálukú pẹ̀lú ọgbọ́n tirẹ̀.

Ẹ ya gbogbo ibi tí iná ti lè wọlé sórí ìwé: páńẹ́lì, bátìrì, òpó NEPA (IBEDC), jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá rí ibi karùn-ún, irú bíi wáyà tí wọ́n fà láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Orísun iná tí ẹ ò kọ sílẹ̀ ni ẹ máa gbàgbé láti pa.

Ẹ wá fi ojú àti imú ṣiṣẹ́. Ẹ wo wáyà tó ti òpó NEPA wá sí ilé, bóyá ó sún mọ́ etí òrùlé; ibi tí kò bá tó mítà mẹ́ta sí i, ẹ má gbé ọ̀pá gígùn tàbí àkàbà débẹ̀. Ẹ ṣí àpótí bíréékà, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo àwọn MC4 tí ọwọ́ lè tó láti ilẹ̀. Èyí tó ti ń gbóná nínú, ike dúdú rẹ̀ á ti pàwọ̀ dà sí àwọ̀ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ètè ibi tí méjèèjì ti pàdé á ti wọ́ díẹ̀, ó sì máa ń le bí ẹ bá fẹ́ tú u. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé wọ́n fi akọ iléeṣẹ́ kan bọ abo iléeṣẹ́ mìíràn. Wọ́n wọ ara wọn, wọn ò bára mu. Ẹ sàmì sí i, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi wọn ọ́n.

Bí a ṣe ń pa á, tẹ̀lé-n-tẹ̀lé

1. Ẹ kọ́kọ́ pa àwọn ohun tó ń jẹ iná: ẹ̀rọ omi, fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jẹ́ kí áńpù lọ sílẹ̀.

2. Ẹ pa bíréékà AC tó ń ti inú ínfátà jáde lọ sí ilé.

3. Ẹ pa bíréékà tó ń mú iná NEPA wọ ínfátà, kí ẹ sì rí i pé jẹnẹrétọ̀ ò lè dédé tan, pàápàá èyí tó ń fúnra rẹ̀ tan. NEPA kì í sọ ìgbà tó máa dé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà tí kò sí iná, kí wọ́n mú iná wá nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú ínfátà.

4. Ẹ pa áísólétọ̀ DC tó wà láàárín páńẹ́lì àti ínfátà. Òun ni wọ́n ṣe láti gé DC lójú iṣẹ́. A kò ṣe MC4 fún ìyẹn, ẹ má fi ṣe áísólétọ̀ láé.

5. Lẹ́yìn páńẹ́lì ni kí ẹ tó pa bíréékà bátìrì. Àwọn kan máa ń yí i padà. Kọntírólà tó ń gba iná páńẹ́lì wọlé tí kò rí bátìrì tó máa gbé e fún lè jóná lójú yín.

6. Ẹ dúró. Nínú ínfátà, kapásítọ̀ wà tó máa ń tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti kú. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ínfátà. Ọ̀pọ̀ ń ní kí a dúró fún ìṣẹ́jú 5. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi ìṣẹ́jú 10 sílẹ̀. Ẹ mu omi, ẹ sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

7. Ẹ ti gbogbo bíréékà tí ẹ pa pẹ̀lú àgádágodo. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀, kí ó sì so páálí mọ́ ọn: orúkọ rẹ̀, aago tó pa á, "Ènìyàn wà lórí iná yìí, ẹ má fọwọ́ kàn án." Bí ẹni méjì bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àgádágodo méjì ni, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Bíréékà tí kò gba àgádágodo, ẹ wá ike tí wọ́n ń tà láti fi há a mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ ti àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán àwọn ará ilé. Màmá tó wà ní kíṣìnnì kàn máa rí i pé iná lọ ni, á sì rán ọmọ kí ó lọ gbé bíréékà sókè.

Ẹ wọn ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Pípa kò tó. Bíréékà lè ti lẹ̀ mọ́ra nínú, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, iná á ṣì máa kọjá. Mítà nìkan ló lè sọ òtítọ́ fún yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ mọ̀ pé mítà náà ò purọ́.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn ohun tí ẹ mọ̀ dájú pé ó ní iná, irú bíi bátìrì. Ó fi iye hàn? Ó dáa. Ẹ wá wọn ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ sí: pósítífù sí nẹ́gẹ́tífù, pósítífù sí áàtì (wáyà tó wọlẹ̀), nẹ́gẹ́tífù sí áàtì. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ wọn bátìrì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí mítà bá kú sí àárín tàbí wáyà rẹ̀ gé, ìgbà ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni ẹ máa mọ̀. Àwọn tó ń fo ìyẹn ń gbára lé òdo tí wọn ò mọ ohun tó fà á. Ẹ rí i pé mítà wà lórí DC nígbà tí ẹ bá ń wọn DC. Bó bá wà lórí AC, wáyà oní-400-fólítì lè fi òdo hàn yín.

Fún wáyà páńẹ́lì, ẹ fi kíláàǹpù kọ́ ọ. Kó tó òdo áńpù kí ẹnikẹ́ni tó tú MC4 kankan. Bí áísólétọ̀ bá ti wà ní pípa tí áńpù ṣì ń kọjá, iná ń gba ibòmíràn lọ nìyẹn, bóyá wáyà kan ti bó tó sì kan irin. Ẹ má tú ohunkóhun. Ẹ dúró de alẹ́ tàbí kí ẹ fi tapólì dúdú tó nípọn bo gbogbo páńẹ́lì náà, kí ẹ sì tún wọn ọ́n. Tapólì ń dín áńpù kù gan-an, àmọ́ ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa kí atẹ́gùn má ká a lójijì, ẹ má sì torí rẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́.

Ẹ wọn férémù páńẹ́lì náà sí áàtì. Onílé lè sọ pé páànù máa ń ta òun bí òjò bá rọ̀. Ẹ gbà á gbọ́.

Bí áńpù bá ti wà ní òdo, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo yín máa ṣe: ẹ tú okùn páńẹ́lì náà sí wẹ́wẹ́. Dípò kí ẹ máa ṣiṣẹ́ lórí mẹ́jọ tó so pọ̀ tó jẹ́ 400 fólítì, ẹ tú MC4 àárín, ó di 200 méjì. Ẹ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ju 50 lọ mọ́. Ẹ fi ìdérí ike bo ẹnu MC4 kọ̀ọ̀kan tó wà ní ṣíṣí. Ó ń gba àkókò díẹ̀, èmi ò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó dín ewu orí òrùlé kù tó bẹ́ẹ̀.

Orí òrùlé

Iná tí kò tó láti pa èèyàn lórí ilẹ̀ lè pa á lórí òrùlé, torí pé ó kàn máa ta á ni, ẹsẹ̀ á sì yẹ̀. Nítorí náà, ìṣubú jẹ́ ara ọ̀rọ̀ iná. Ẹ so bẹ́líìtì ààbò mọ́ ohun tó lágbára, kì í ṣe mọ́ férémù páńẹ́lì. Àkàbà tó bá ga ní mítà mẹ́rin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan, kí orí rẹ̀ sì yọ kọjá etí òrùlé ní mítà kan. Àwọn ilé àtijọ́ tó wà ní àárín Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù, páànù wọn ti dípata, òmíràn jẹ́ asibẹ́sítọ̀ọ̀sì tó máa ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ láìkìlọ̀. Ẹ tẹ́ pákó sórí igi òrùlé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Fífọ páńẹ́lì: àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni, omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lọ́sàn-án lè mú kó sán. Kí ọ̀pá búrọ́ọ̀ṣì má jẹ́ irin. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára fọ̀ ọ́, ó ń ti omi wọ inú MC4 àti inú àpótí ẹ̀yìn páńẹ́lì. Kí ẹ tó da omi kankan, ẹ wo gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti sán, ẹ má dà omi sí i, ẹ má fọwọ́ lásán kàn án. Ibi tó sán yẹn ni iná lè gbà jáde bí omi bá wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn páńẹ́lì, agbọ́n máa ń kọ́ ilé síbẹ̀. Ẹ yọjú wò ó kí ẹ tó na ọwọ́, torí ẹni tí agbọ́n ta kì í rántí ibi tí wáyà wà.

Òjò ní àgbègbè wa lè ṣú kó sì rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ní pàtàkì nígbà òjò. Bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, kódà kó jìnnà, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá ìkẹyìn ni kí ẹ tó padà gùn ún.

Bátìrì

Bátìrì 48 fólítì kò dẹ́rù bani bíi páńẹ́lì, ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń ṣeré pẹ̀lú rẹ̀. Ewu tirẹ̀ wà nínú áńpù. Bí sípánà bá já bọ́ tó kan pósítífù àti nẹ́gẹ́tífù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún áńpù lè gba inú rẹ̀ kọjá. Sípánà á pupa, irin yíyọ́ á sì fọ́n sójú. Òrùka tó wà lọ́wọ́ lè ṣe ohun kan náà, ó sì lè gbé ìka lọ.

Ẹ fi téèpù dúdú wé sípánà yín, kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Nẹ́gẹ́tífù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ fi rọ́bà bo orí rẹ̀, kí ẹ tó lọ sí pósítífù. Orí kan ṣoṣo ni kó máa wà ní ìhòòhò nígbàkígbà. Ẹ má to irinṣẹ́ sórí bátìrì.

Àwọn tó ṣì ń lo bátìrì olómi, mẹ́rin oní-12-fólítì tí wọ́n so pọ̀, ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń gba iná, háídírójìn ń jáde lára wọn. Bó bá ti tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, ẹ̀ta iná kékeré tó láti gbé e bú. Bí ásíìdì bá ta sójú, omi tó mọ́ ni, kí ẹ máa dà á fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn.

Dídá iná padà

Ẹ ka irinṣẹ́ yín. Ẹ wọn pósítífù àti nẹ́gẹ́tífù páńẹ́lì kí ẹ tó tan áísólétọ̀ padà, torí ẹni tó bá so wọ́n ní òdì máa jó ínfátà. Kí bíréékà bátìrì wà ní pípa nígbà tí ẹ bá ń di nọ́ọ̀tì mọ́ orí rẹ̀. Kálukú yọ àgádágodo ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn yọ tirẹ̀. Bátìrì ló ń kọ́kọ́ wọlé, páńẹ́lì tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iná tó ń lọ sínú ilé, NEPA ìkẹyìn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bíréékà nígbà tí ẹ bá ń gbé e, kí ojú yín má wà níwájú rẹ̀.

Onílé, ẹ lè béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ oníṣẹ́. Àjọ NEMSA ti ìjọba àpapọ̀ ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò, ó sì ń fún oníṣẹ́ iná ní ìwé ẹ̀rí. Bí oníṣẹ́ náà bá sì ní òun fẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí òun tó ṣí ínfátà, ẹ má pariwo mọ́ ọn.

Bí iná bá gbé ẹnì kan

Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ mọ̀ pé ọkàn yín á fẹ́ sáré dì í mú, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ yín. Báyìí ni ẹni kejì ṣe máa ń kú. Ẹ pa gbogbo bíréékà. Bó bá jẹ́ lórí wáyà páńẹ́lì ni, pípa lè má tó. Ẹ fi igi gbígbẹ tàbí ọ̀pá ike tì í kúrò lára wáyà, ẹ dúró sórí pákó tàbí rọ́bà.

Bó bá ti kúrò lára iná, ẹ pè é, ẹ wo àyà rẹ̀. Kí ẹnì kan pe 112. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ti kọ́ ọ, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìtẹ̀ 30 kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá kọ́ ọ, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ má dáwọ́ dúró torí pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ gbà á fún ara yín. Ẹ má da omi lé e lórí, ẹ má fún un ní epo pupa mu.

Ibi tó jóná, omi tútù tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 20. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín.

Kódà bó bá dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, yálà ti ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí OOUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo) ní Ṣàgámù, èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Iná lè ti da ìlù ọkàn rú láìjẹ́ kó hàn, ó sì lè jó iṣan inú nígbà tí awọ òde ní ojú kékeré péré. Ẹ sọ fún dókítà pé iná sólà ni, iye fólítì rẹ̀, ibi tó gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde lára rẹ̀, àti bó ti pẹ́ tó lára iná.

Bó bá jẹ́ pé iná ti ń jó ní ínfátà tàbí lórí òrùlé, ẹ má da omi sí i. Ẹ lo ẹ̀rọ panápaná oníyẹ̀fun tàbí ti CO2 bó bá ṣì kéré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kó gbogbo èèyàn jáde. Nígbà tí àwọn panápaná bá dé, ẹni tó mọ ilé náà ni kó lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọ jẹ́ pé páńẹ́lì wà lókè, mélòó ni, ibi tí wáyà wọn gbà sọ̀kalẹ̀, àti pé iná ṣì wà nínú wọn.